Ṣé iwin ni "Ghost" tó wà nínú "Holy Ghost"? Ìtàn ọ̀rọ̀ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dé ọ̀dọ̀ wa ní Àríwá Èkìtì

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán.

Ìbéèrè kan ti ń wọlé sí wa lemọ́lemọ́ láti bí oṣù mélòó kan. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń béèrè jù, pàápàá àwọn ọmọ wa tó wà ní yunifásítì ní Ọyẹ́ àti ní ẹ̀ka ti Ìkọ̀lé. Wọ́n ní àwọn kan ń kọ́ni lórí fóònù pé "ghost" kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run rárá. Wọ́n ní iwin ni, àkúdàáyà ni, òkú tó ń rìn kiri ni. Wọ́n ní ẹni tó bá pariwo "Holy Ghost fire", òkú ló ń pè, kì í ṣe Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ náà ti ń dá ìyapa sílẹ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ àdúrà, ó sì ti ń ba àwọn àgbà kan lẹ́rù láti la ẹnu wọn níwájú Ọlọ́run.

Ìdáhùn wa kò gùn: rárá o, iwin kọ́. Ṣùgbọ́n "rárá" nìkan ò tó fún ọmọ tó ti lọ wo díkíṣọ́nárì, tó sì rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ pé "ghost" lónìí, òkú tó ń fara hàn ni. Ohun tó kà níbẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ibi tí ìtàn náà parí sí ló rí, kò tíì rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ síbẹ̀.

GBÒǸGBÒ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ

Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ ní nǹkan bí 1000 ọdún sẹ́yìn kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ níléèwé. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lónìí, ẹ ò ní mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni. Láyé ìgbà náà, "gāst" ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ tó di "ghost" yìí. Iṣẹ́ tó ń ṣe pọ̀ gan-an. Èémí tó ń jáde nímú, gāst ni. Ẹ̀mí tó ń gbé inú ara ènìyàn, gāst ni. Áńgẹ́lì, gāst. Ẹ̀mí búburú, gāst náà ni. Ẹ̀mí Ọlọ́run fúnra rẹ̀, "Hālga Gāst" ni wọ́n ń pè é.

Báwo ni wọ́n ṣe wá ń mọ èyí tí wọ́n ń sọ? Bí àwa náà ṣe ń mọ̀ ọ́n ni. Ṣebí ẹ̀mí kan náà la fi ń sọ pé "ẹ̀mí gígùn", "ẹ̀mí èṣù", "ẹ̀mí ìgbéraga" àti "Ẹ̀mí Mímọ́"? Ọ̀rọ̀ tó bá dúró ti "ẹ̀mí" ló ń júwe irú ẹ̀mí tí à ń wí. Kò sí ọmọ Èkìtì kankan tó máa gbọ́ "ẹ̀mí rẹ á gùn" kó rò pé wọ́n fẹ́ fi ẹ̀mí èṣù bá òun jà.

A ò ní fi nǹkan kan pa mọ́ fún yín. Àwọn onímọ̀ èdè sọ pé ìbẹ̀rù àti ìwárìrì wà nínú gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yẹn láti ayé àtijọ́. "Aghast", ìyẹn kí jìnnìjìnnì bo ènìyàn, àti "ghastly", ìyẹn ohun tó ń dẹ́rù bani, mọ̀lẹ́bí "ghost" ni wọ́n. Àmọ́ ìbẹ̀rù nìkan kò sọ ọ̀rọ̀ di ti iwin. Àwọn olùṣọ́-àgùntàn tó wà ní pápá lóru tí wọ́n bí Jésù, ṣé ẹ̀rù ò bà wọ́n ni?

Àwọn ará Jámánì, tí èdè wọn bá Gẹ̀ẹ́sì tan, ṣì di ọ̀rọ̀ náà mú. "Heiliger Geist" ni wọ́n ń pe Ẹ̀mí Mímọ́ títí dòní. "Geist" kan náà ni wọ́n tún fi ń pe òye inú ènìyàn, òun náà ni wọ́n sì lè fi pe iwin. Wọn ò tìtorí ìyẹn kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

BÍ Ọ̀RỌ̀ KAN ṢE DI MÉJÌ

Ní ọdún 1066, àwọn ará Normandy láti ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ogun náà ṣe mú ọba tuntun wá, bẹ́ẹ̀ ló ṣínà fún ọ̀rọ̀ tuntun. Díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ Faransé àti ti Látìn wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan nínú wọn ni "spirit", tó wá láti inú "spiritus" ti Látìn. Kí wá ni "spiritus"? Èémí ni! Báyìí ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọ̀rọ̀ méjì fún nǹkan kan ṣoṣo, bí àwa náà ṣe ní "àga" tí a tún ń pè é ní "ṣíà". Ẹni tó jókòó lórí àga ló jókòó lórí ṣíà.

Nígbà tí àwọn ọmọlẹ́yìn John Wycliffe ń túmọ̀ Bíbélì sí Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 1380 sí 1390, "Goost" ni wọ́n kọ. Nígbà tí William Tyndale tẹ Májẹ̀mú Tuntun jáde ní 1526, òun náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé ikú ni Tyndale fi gbà á, 1536 ni wọ́n pa á. Nígbà tó sì di 1611 tí Bíbélì Ọba Jéémíìsì jáde, èyí tí a mọ̀ sí King James, "Holy Ghost" wà nínú rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 90, "Holy Spirit" sì wà níbẹ̀ ní ìgbà 7 péré.

Lẹ́tà "h" tó wà nínú "ghost" náà ní ìtàn tirẹ̀. Kò sí nínú "gāst", kò sí nínú "goost". William Caxton ló gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1476. Ó ti gbé ní ìlú Bruges fún ọ̀pọ̀ ọdún, níbi tí wọ́n ti ń kọ irú ọ̀rọ̀ yìí ní "gheest". Ibẹ̀ ni wọ́n gbà pé "h" ti bá a wá. Nítorí náà, kò sí awo kankan nínú lẹ́tà yẹn. Ọwọ́ àwọn atẹ̀wé ló ti wá.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI YÍ PADÀ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ gbé Bíbélì King James yín kí ẹ bá wa lọ sí ibi méjì.

Àkọ́kọ́, Jòhánù 1:33. Níbẹ̀, Jòhánù Onítẹ̀bọmi ń sọ bí yóò ṣe dá Jésù mọ̀. Nínú ẹsẹ kan ṣoṣo yẹn, àwọn atúmọ̀ kọ "Spirit" lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì kọ "Holy Ghost" lẹ́ẹ̀kan. Nínú èdè Gíríìkì tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà níbi méjèèjì: "pneuma". Ẹni kan náà ni. Bí "Ghost" bá jẹ́ iwin, a jẹ́ pé iwin ló bà lé Jésù lórí bí àdàbà nìyẹn. Ta ló máa gba ìyẹn gbọ́?

Ìkejì, Mátíù 14:26. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rí Jésù tó ń rìn lórí omi lóru, wọ́n kígbe, wọ́n rò pé iwin ni. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀ ni "phantasma", ohun àràmàǹdà tó fara hàn. Bíbélì Yorùbá wa náà pè é ní iwin. Kí ni Bíbélì 1611 wá pè é? "Spirit"! Ẹ padà lọ wò ó. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì òde òní ń pè ní "ghost", "spirit" ni wọ́n pè é níbẹ̀ ní 1611. Ẹni tí òde òní sì ń pè ní "Spirit", òun ni wọ́n pè ní "Ghost". Bí a bá fẹ́ fi ìtumọ̀ tòní dá àwọn ará àná lẹ́jọ́, "spirit" gan-an la ò bá kọ́kọ́ kọ̀.

Báwo ló ṣe yí? Láti nǹkan bí 600 ọdún sẹ́yìn, àwọn ènìyàn ti ń lo "ghost" fún òkú tó ń fara hàn, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ àtijọ́ ṣì ń bá a rìn. Nínú Ìwé Àdúrà ìjọ Áńgílíkà ti 1662, ìmọ̀ràn tí àlùfáà ń fún ọkàn ènìyàn, "ghostly counsel" ni wọ́n pè é. Ìmọ̀ràn nípa ti ẹ̀mí ni, kì í ṣe ìmọ̀ràn iwin. Bí "spirit" ṣe ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ "ghost" díẹ̀díẹ̀ ni "ghost" ń kéré sí i, títí ó fi ku ti òkú nìkan fún un, àti àwọn ibi bíi mélòó kan tí àṣà dì í mú sí. "Holy Ghost" jẹ́ ọ̀kan. Òmíràn ni "gave up the ghost" tí Bíbélì 1611 lò fún Ábúráhámù nígbà tó kú, tó sì tún lò fún Olúwa wa lórí igi àgbélébùú. Kò túmọ̀ sí ju pé ó jọ̀wọ́ ẹ̀mí rẹ̀ lọ.

Lónìí ńkọ́? Ọ̀rọ̀ náà ti tún lóyún, ó ti bímọ. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba mọ "ghost worker", orúkọ tó ń gbowó oṣù láìsí ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀. "Ghost writer" ni ẹni tó bá ẹlòmíràn kọ̀wé tí orúkọ tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àwọn èwe ìwòyí sì ń sọ pé ẹnì kan "ghost" àwọn, ìyẹn ni pé ó dédé dákẹ́, kò gbé fóònù mọ́, kò dáhùn àtẹ̀jíṣẹ́ mọ́. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn! Ṣé ẹnì kan lè wá fi "ghost worker" túmọ̀ Bíbélì 1611?

Nítorí ìyípadà yìí ni Bíbélì ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó jáde ní 1901 ṣe lo "Holy Spirit" dípò "Holy Ghost", tí ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ tuntun sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ti àtijọ́ o. Wọ́n fẹ́ kó yé àwọn ènìyàn ìgbà wọn ni.

ÀWA TI NÍ TIWA

Èyí ló dùn mọ́ wa jù. Nínú èdè Hébérù, "ruach" ni ẹ̀mí, òun náà ni èémí, òun náà ni afẹ́fẹ́. "Pneuma" ti Gíríìkì rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ wá gbọ́ Yorùbá: mí, èémí, ẹ̀mí. Ṣé ẹ rí i? Ìdílé kan ni wọ́n. Ẹ lọ sí ọsibítù ńlá Ìjọba Àpapọ̀ tó wà n'Ídòó, ẹ wo bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń ṣe bí wọ́n bá gbé ẹni tó dákú dé. Èémí ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, nítorí ibi tí èémí bá wà, ẹ̀mí wà níbẹ̀. Ohun tí Ọlọ́run mí sí Ádámù nímú nìyẹn.

Ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú ló sì ṣiṣẹ́ ńlá nínú bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wọ Bíbélì wa. Wọ́n kó Samuel Àjàyí Crowther ní Òṣoògùn ní 1821, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Sierra Leone. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844, ní Freetown, ó darí ìsìn ní èdè Yorùbá fún àwọn tí wọ́n jọ jìyà ẹrú. Ẹsẹ tó fi wàásù ni Lúùkù 1:35, ibi tí áńgẹ́lì ti sọ fún Màríà pé Ẹ̀mí Mímọ́ ni yóò bà lé e. "Holy Ghost" ló wà nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tí Crowther mọ̀. Nínú Bíbélì Yorùbá tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tó parí ní 1884, iwin kọ́ ni wọ́n fi dípò rẹ̀, àkúdàáyà kọ́. Ẹ̀mí ni wọ́n kọ. Ó yé wọn pé "Ghost" inú Bíbélì, Ẹ̀mí ni. Bó bá jẹ́ pé iwin ni "Ghost" ń jẹ́, àwọn ni ì bá kọ́kọ́ mọ̀.

Bíbélì náà dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn ogun Kírìjì. 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà, àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run méjì, Charles Phillips àti Samuel Johnson, sì wà lára àwọn tí wọ́n rán láti là á. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ Èkìtì tí ogun ti kó lọ ń padà sílé, àwọn kan nínú wọn sì ti mọ Jésù lọ́hùn-ún. Yorùbá inú ìwé tí wọ́n gbé bọ̀ kì í ṣe Yorùbá ẹnu àwọn baba wa. Wọ́n ń wí "ulé", ìwé ń wí "ilé". Kò sí ẹni tó jó ìwé náà nítorí ìyẹn. Wọ́n mọ̀ pé ibì kan náà là ń sùn.

Lẹ́yìn náà ni ìsọjí 1930 bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye, Iléṣà, láti ọwọ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwá, ìlú tí kò jìnnà sí ààlà tiwa. Iná náà wọ Èkìtì. Ní èdè Yorùbá ni wọ́n ń ké pe Ẹ̀mí Mímọ́, Ẹ̀mí sì sọ̀kalẹ̀. Ní 1931, àwọn àlejò mẹ́ta láti ìjọ Apostolic Church ní Britain dé. "Holy Ghost" ni irú Kristẹni bẹ́ẹ̀ ń wí lédè tiwọn nígbà náà. Ẹ̀mí kan ṣoṣo ni, orúkọ rẹ̀ ní èdè méjì.

BÍ A BÁ FẸ́ MÁA YẸ GBÒǸGBÒ WÒ

Ẹni tó bá ní ká kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ nítorí ibi tó ti wá tàbí nítorí ohun mìíràn tó lè túmọ̀ sí, ẹ ní kó wo ẹnu ara rẹ̀ ná. "Àdúrà", láti inú èdè Lárúbáwá ló ti wá, ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí la ti gbà á. "Àlàáfíà" ńkọ́? Ibẹ̀ náà ni. "Ìwàásù" àti "wòlíì" bákan náà. "Àlùfáà" pàápàá, àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá àwọn ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn ènìyàn, wọ́n gbà wọ́n, wọ́n fi wọ́n sin Jésù. Bí a bá kọ gbogbo wọn, kí la fẹ́ pe àdúrà? Ta ni yóò wàásù?

Ìyá àgbà kan wà nínú ìjọ wa tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó mọ̀ kò ju mẹ́wàá lọ. "Óólí Góòsì" wà lára mẹ́wàá ọ̀hún. Òun ló fi gbàdúrà lé àwọn ọmọ rẹ̀ lórí títí wọ́n fi jáde ìwé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn ló wálé lọ́jọ́ kan tó sọ fún un pé iwin lẹ ti ń ké pè látọjọ́ yìí, màmá. Láti ọjọ́ náà, màmá á wá sí ìṣọ́ òru, á jókòó, á di ẹnu. Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ̀kọ́ tó pa àdúrà mọ́ ìyá yín lẹ́nu lẹ fẹ́ pè ní ìmọ̀? Ta ló ń dáhùn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Jésù sọ nínú Lúùkù 11 pé ọmọ tó bá bèèrè ẹja lọ́wọ́ baba rẹ̀ kò ní gba ejò. Ibẹ̀ gan-an ló ti ṣèlérí Ẹ̀mí Mímọ́ fún àwọn tó ń bèèrè.

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ Ẹ ṢE

Ẹni tó bá fẹ́ máa wí "Holy Spirit", kó máa wí i. Bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ló máa yé wọn kíákíá, ẹ lò ó. Ẹni tó bá ń wí "Holy Ghost", ẹ má dá a lẹ́kun. Ẹni tó bá ń wí "Ẹ̀mí Mímọ́", ó ti ní èyí tó sún mọ́ ti Hébérù jù.

Ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún gan-an kì í ṣe "ghost", "fire" ni. Láti inú Mátíù 3:11 ni ọ̀rọ̀ iná yẹn ti wá, níbi tí Jòhánù ti sọ pé Jésù yóò fi Ẹ̀mí Mímọ́ àti iná ṣe ìtẹ̀bọmi. Àwa la kọ́kọ́ wà lábẹ́ iná náà, kó lè fọ̀ wá mọ́. Àmọ́ àwọn kan ti sọ ọ́ di òkúta tí wọ́n ń sọ lu ìyá ọkọ, lu orogún, lu ẹni tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé. Jákọ́bù àti Jòhánù fẹ́ pe iná sórí ìlú kan nínú Lúùkù 9, Jésù sì bá wọn wí. Ẹni tó ní iná Ẹ̀mí Mímọ́ lẹ́nu tí kò bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìyẹn ni kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ la ẹnu yín. Ẹni tó gbọ́ yín lánàá ló ń gbọ́ yín lónìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa kàwé, ẹ máa wá ìdí ọ̀rọ̀, ó dùn mọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ máa kà á dé ìdí, kí ẹ tó gbé e lọ bá àwọn àgbà nílé.

Kí Ẹ̀mí Mímọ́ tó bà lé àwọn àpọ́sítélì lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì bà lé ilé yín. Ẹ̀mí yín á gùn, èémí ò ní tán nímú yín láìtọ́jọ́. Àríwá Èkìtì, Ọlọ́run ò ní kúrò láàárín wa.

Ẹ ṣe àmín, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dààmú.